Táyà Tí Mo Dí ní Òkokomáíkò

Ẹ̀yin ará Òkèehò tí ẹ ń gbé aṣọ tí kò ya wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ní kí n bá yín tún un rán, ẹ jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ni màá sọ ọ́.

Mo lọ sí Èkó, mo sì ti dé. Àmọ́ Èkó tí mo lọ kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. N kò rí afárá tó gùn lórí omi. N kò rí ilé tó ga débi pé èèyàn á fọwọ́ di gèlè mú kó tó lè wo òkè rẹ̀. Ọ̀jọ́ ni mo lọ, àti Òkokomáíkò, àti Ìbà, tí wọ́n jọ wà ní apá ọ̀nà tó ń lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n bá fẹ́ lọ síbi tí àwọn afárá wà, wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń lọ sí Èkó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Làmídì, ló gbé mi lọ. Gbogbo yín mọ̀ wọ́n. Awakọ̀ àjàgbé ni wọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Iléyá kan kọjá, wọn ò wálé. A pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní iṣẹ́ ni. Iléyá mìíràn tún kọjá, wọ́n ní iṣẹ́ ni. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe tí kì í tán.

Àfi lọ́jọ́ kan tí obìnrin kan pè mí, ó ní òun ni onílé wọn ní Igbó-Elérin, lápá Ọ̀jọ́.

"Ìwọ ni àbúrò Làmídì?"

Mo ní èmi ni.

"Wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo bi onílé náà léèrè pé ṣé ara Bọ̀dá ò yá ni. Wọ́n ní, "Mo ní kí o wá wò ó." Wọ́n sì pa fóònù.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ. Wọ́n ní bí mo bá lọ, kí n má dá nìkan bọ̀.

Àpótí pupa

Ọkọ mi ló ni ọkọ̀ wa, èmi ni mò ń wà á. Ẹ ti sọ̀rọ̀ yìí tó láàárín ara yín, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ẹ̀sítírà táyà wà nínú bùútù, ṣùgbọ́n ó ti gbó débi pé ọkọ mi máa ń pè é ní Bàbá. Nítorí náà mo gbé àpótí pupa kékeré kan dání. Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, níbi tí òyìnbó kan ti ń yọ ìṣó lára táyà rẹ̀, tó ń dí ihò náà láìtú táyà kúrò lára ọkọ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ra tèmi. Irin méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan rí ṣákaṣàka bíi fáìlì. Òun ni wọ́n ń tì bọ inú ihò láti fi ha á. Èkejì ní ojú lẹ́nu bí abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àpò. Inú ojú yẹn ni wọ́n ń ki rọ́bà kan bọ̀, rọ́bà tó rí bíi kìlíṣí tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á fi sólúṣọ̀n, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ táyà, ra á lára. Wọ́n á tì í wọnú ihò, wọ́n á fa irin yọ kíá, rọ́bà á sì kù síbẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ó jọ iṣẹ́ ọwọ́ mi: abẹ́rẹ́ ni, ihò ni, nǹkan tí à ń kì bọ̀ ọ́ ni.

Táyà àlòkù kan wà lẹ́yìn ilé wa tí àwọn adìẹ ń sùn sí. Mo fi ìṣó lu ihò sí i, mo dí i. Mo tún lu òmíràn, mo tún dí i. Mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí àwọn adìẹ fi kó kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wò mí, wọ́n sì padà wọlé.

Òkokomáíkò

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà. Ọ̀nà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn èèyàn. Ní Òkokomáíkò, tí o bá béèrè ibi kan lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò mọ̀. Mo béèrè Igbó-Elérin lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ó ní kí n máa lọ síwájú. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ní mo ti kọjá rẹ̀. Ẹni kẹta bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ará Ìbàdàn ni yín?"

Mo ní rárá, ará Òkèehò ni mí.

Ó ní, "Ìbàdàn náà ni."

Gbogbo ìlú tó bá ti kọjá Abẹ́òkúta, Ìbàdàn ni lójú wọn. Bí mo sì ṣe ń kí wọn bí a ṣe ń kí ara wa nílé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, ṣé àlàáfíà la bá yín, wọ́n á dúró wò mí títí màá fi kí wọn tán. Wọ́n á wá bi mí pé, "Kí lẹ fẹ́ rà?"

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ń tiro. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bọ́ọ́lẹ̀. Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ìṣó páànù ti wọ̀ ọ́ dé orí.

Ibi tí mo yà sí, iwájú fọ́gánáísà ni, àwọn tó ń lẹ táyà. N kò mọ̀ọ́mọ̀. Ọkùnrin náà jókòó lórí táyà àjàgbé kan, ó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Nígbà tó rí mi, ó nu ọwọ́, ó gbé jáàkì, ó ń bọ̀.

"Ẹ ṣeun," mo ní, "èmi ni màá dí i."

Ó wo inú ọkọ̀ bóyá ọkùnrin wà níbẹ̀. "Ẹ̀yin wo, Mọ́mì?"

"Èmi yìí."

Ó gbé jáàkì sílẹ̀. Inú ò bí i. Ó lọ gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀, ó wá jókòó síbi tí á ti rí mi dáadáa.

Mo tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, mo jókòó lé e, mo ṣí àpótí pupa. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ọkùnrin Ìgbò kan tó ru páálí tẹlifíṣọ̀n bọ̀ láti ọjà Àlàbá bi mí pé, "Màdáámù, yu sàbí am?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó sọ páálí náà kalẹ̀, ó jókòó lé e lórí. Bàbá aláṣọ funfun kan tí kò wọ bàtà ní òun máa gbàdúrà fún mi. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ìṣó náà ti wọlé jìnnà. Mo ní àmín.

Mo fi púláyà fa ìṣó náà yọ, afẹ́fẹ́ tú jáde. Mo mú irin aláfáìlì, mo tì í. Kò wọlé. Táyà àwọn adìẹ rọ̀ ju èyí lọ. Mo tún tì í, gèlè mi ṣí.

"Ẹ fi àyà tì í," fọ́gánáísà sọ láti ibi tó jókòó sí. Ìyẹn nìkan ló sọ.

Mo fi àyà tì í, ó wọlé. Mo fi rọ́bà sójú irin kejì, mo ra sólúṣọ̀n sí i, mo tì í wọ inú ihò. Nígbà tó kan kí n fa irin náà yọ, ẹ̀rù bà mí pé rọ́bà á bá a jáde, ni mo bá ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ìdajì rọ́bà tẹ̀lé e. Mo gé èyí tó yọ síta. Mo so pọ́ńpù kékeré mọ́ iná ọkọ̀, táyà sì gbéra sókè lójú gbogbo wọn. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin Ìgbò gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Fọ́gánáísà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ wo iṣẹ́ mi, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kàn án.

"Á gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ," ó ní.

Mo rò pé ó yìn mí ni. Obìnrin kan tó ń ta gúrúndí fún mi ní ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní mo ti ṣiṣẹ́ ọkùnrin. Àgbọn àti ṣúgà ni wọ́n fi ń ṣe gúrúndí. Mo jẹ ẹ́ títí mo fi dé Igbó-Elérin, kò tán, eyín mi kan sì ń mì títí di òní.

Igbó-Elérin

Alhájà onílé ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sanra, wọ́n ga, wọ́n sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Ìwọ ni Múlíkátù. Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Táyà ni, mà."

"Kò sí fọ́gánáísà lọ́nà ni?"

"Wọ́n wà, mà."

Wọ́n lọ bá mi bu omi àti ọṣẹ wá.

Ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an ni Alhájà. Ọkọ wọn tó ti kú ló kọ́ ilé náà. Yorùbá wọn yàtọ̀ sí tiwa, ó tún yàtọ̀ sí ti rédíò, mo sì máa ń ní kí wọ́n tún un sọ. Àwọn náà ń ní kí n tún tèmi sọ. Bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn, ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀dá Làmídì wà nínú yàrá wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí fèrèsé, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Bọ̀dá mi."

"Múlí," wọ́n ní. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Múlí lèyí. O ti sanra."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo ti fún gbogbo aṣọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́dún yìí kí wọ́n má baà já bọ́ lára mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Mo bi wọ́n léèrè ọkọ̀ wọn. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo bi wọ́n léèrè ara. Wọ́n ní àwọn ń sinmi ni. Mo wo ẹsẹ̀ wọn: bàtà kan dúdú, èkejì pupa. Mo rò pé bóyá bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ní Èkó nìyẹn.

Mo tẹ̀lé Alhájà lọ sí ilé ìdáná. "Láti ìgbà òjò tó kọjá," wọ́n sọ, tí wọ́n ń gé àlùbọ́sà, "kò kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó ní òun ń sinmi. N kò rí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ rí."

"Kí ló ń ṣe wọ́n, mà?"

"Òun ló lẹ́nu tó máa fi sọ ọ́. N kò ní bá a sọ ọ́."

Ẹja

Ẹja tútù inú ọ̀sà ni Alhájà sè fún wa, pẹ̀lú ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata. Wọ́n fún mi ní ẹja tèmi tòun ti orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fa àwo Bọ̀dá sọ́dọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbogbo egungun inú ẹja náà. Wọ́n ń fi ọmọ ìka wá a bí ìyá ṣe ń wá a fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú Bọ̀dá, wọ́n fi síbí kan etí àwo kó dún. Bọ̀dá na ọwọ́ síbi tí ó ti dún.

Mo wá mọ̀. Bàtà náà yé mi, ọ̀rọ̀ pé mo sanra yé mi.

Mo jẹ ẹja mi. Ó dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ẹja tiwa nílé, ó ti kú tipẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Eléyìí ṣì ní omi lára. Mo jẹ ẹ́ dé orí, n kò sì mọ ìgbà tí omi ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú àwo. Mo fa imú.

"Ata yẹn ń ta ọ́," Bọ̀dá sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Nígbà tí a jẹun tán, mo sọ fún wọn pé Ìyá wa ní kí n mú wọn bọ̀ wálé. Wọ́n nu ẹnu.

"Sọ fún Ìyá pé tí iṣẹ́ bá dínkù, màá wá."

"Ìyá ní kí n má dá nìkan bọ̀, Bọ̀dá."

"Mú Alhájà lọ."

Alhájà ní àwọn ò lọ sí Ìbàdàn.

Bọ̀dá ò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, èmi náà ò sọ pé mo mọ̀ ọ́n. A sọ̀rọ̀ nípa òjò. A sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ti kú nílé. Mo sùn sí yàrá Alhájà pẹ̀lú ìpinnu pé tí ilẹ̀ bá mọ́, màá bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, tí wọ́n bá sì kọ̀, màá padà lọ bá Ìyá wa, màá wá irọ́ kan pa. N kò tíì mọ irọ́ náà.

Àárọ̀

Fọ́gánáísà Òkokomáíkò ò purọ́. Táyà náà gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, ó ti balẹ̀ pẹ̀ẹ́.

Mo so pọ́ńpù mọ́ ọn, ó gbéra. Mo pa pọ́ńpù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti ń jò. Mo fọwọ́ pa gbogbo ara táyà náà yípo, àfi ibi tí mo dí, nítorí pé ibi tí mo dí, mo ti dí i. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ wá ń ké, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ohùn Bọ̀dá wá láti ojú fèrèsé. "Múlí, táyà rẹ ń jò."

"Mo mọ̀, sà."

"Ibi tí o dí yẹn ló ń jò."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó ń súfèé. Ihò tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn kì í súfèé."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo tutọ́ sí ibi tí mo dí. Itọ́ náà ń hó kututu.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ilẹ̀kùn ti ṣí. Bọ̀dá Làmídì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ kan ògiri. Alhájà ń gbálẹ̀ nínú ọgbà. Wọ́n rí Bọ̀dá, wọ́n yíjú kúrò kíá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ibi tí wọ́n ti gbá tẹ́lẹ̀. Bọ̀dá tẹ̀lé ògiri dé òpin rẹ̀. Níbi tí ògiri ti parí, wọ́n dúró. Ọkọ̀ ò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè dì mú láàárín. Mo fẹ́ dìde lọ mú wọn lọ́wọ́. Mo rántí pé wọn ò tíì sọ fún mi. Mo fi púláyà lu ríìmù táyà náà, bí ẹni tó ń fi ṣeré. Wọ́n rìn wá tààrà.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ yẹn," wọ́n ní.

Alhájà rékọjá títì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú.

Bọ̀dá lóṣòó, wọ́n fọwọ́ pa táyà náà títí wọ́n fi kan ibi tí mo dí. "O gé e kúrú jù. O sì fà á jáde bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀rù ló bà mí, sà."

"Sólúṣọ̀n ńkọ́?"

"Mo fi sí i."

"Ọwọ́ rẹ lo fi sí."

Mo wo ọwọ́ mi. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n gba irin méjèèjì lọ́wọ́ mi, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú ìka. Wọn ò lo irú rẹ̀ rí. Mo ṣàlàyé fún wọn.

"A ò ní tú táyà?"

"A ò ní tú u, sà."

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń tú u," wọ́n ní.

Wọ́n fa rọ́bà mi yọ, wọ́n jù ú sẹ́yìn. Wọ́n ki irin aláfáìlì bọ inú ihò, wọ́n ha á, wọ́n ha á, títí irin fi ń wọlé tó ń jáde láìsí wàhálà. Wọ́n wá mú rọ́bà tuntun àti irin olójú abẹ́rẹ́. Rọ́bà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Wọ́n tún un ṣe, ó tún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti ń dúró wò wá. Bọ̀dá dáwọ́ dúró, wọ́n na irin náà sí mi. Mo gbà á, mo fi rọ́bà sí i.

"Ojú mi ti lọ, Múlí."

"Mo mọ̀, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ẹja."

Wọ́n rò ó. "Alhájà ló sọ fún ọ."

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

Wọ́n sọ fún mi pé dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́. Wọ́n ní àwọn wakọ̀ títí ọ̀nà fi ń rí fírífírí, títí di ọjọ́ tí àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá obìnrin kan ní Ìjànikin. Ìró aṣọ obìnrin náà lára ọkọ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n bẹ obìnrin náà, wọ́n sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

"Iṣẹ́ kọ́ ni," wọ́n ní. "N kò fẹ́ kí Ìyá máa rí mi kí èmi má rí wọn."

Mo tẹ sólúṣọ̀n jáde, mo fi ra rọ́bà náà yípo, mo rí i pé kò sí lọ́wọ́ mi. Mo fi irin náà lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹ tì í, Bọ̀dá. Kó tó gbẹ."

Wọ́n fi àyà tì í. Wọ́n fà á yọ kíá bí ẹni tó fa ẹ̀gún yọ, ó dún pó. Mo gé rọ́bà, mo ṣẹ́ díẹ̀ kù síta bí wọ́n ṣe wí. Mo fún un ní afẹ́fẹ́. Bọ̀dá gbé etí lé e. Gbogbo wa dákẹ́, títí kan àwọn tó ń lọ lọ́nà.

"Ó ti dákẹ́," wọ́n ní.

Wọ́n nu ọwọ́ lára ṣòkòtò wọn. "Ọ̀nà Òkèehò jìn. Táyà tí wọ́n bá dí báyìí, ẹnì kan ní láti máa gbọ́ ọ lọ́nà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní. "Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ."

Alhájà wọlé, wọ́n gbé báàgì Bọ̀dá jáde. Ó ti kún, wọ́n ti fi okùn so ó. N kò mọ ọjọ́ tí wọ́n dì í. Wọ́n fi ẹja gbígbẹ àti àgbọn sí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún Ìyá wa. Wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀, wọn ò sì tètè gbé e kúrò.

"Tó bá ní òun ò fẹ́ ata," wọ́n sọ fún mi, "ó fẹ́ ata."

Bọ̀dá ní, "Mo ń gbọ́ yín, Alhájà."

"Ìwọ ni mò ń sọ fún."

Ìbà

A ò tíì rìn jìnnà tí Bọ̀dá ní kí n dúró kí àwọn gbọ́ táyà. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ ibi tí a wà. Wọ́n ní Ìbà ni, àwọn ń gbóòórùn búrẹ́dì tí wọ́n ń yan. Mo dúró létí géètì Ẹ́sítéètì Ìbà, Bọ̀dá bọ́ọ́lẹ̀ lọ gbé etí lé táyà. Mọ́gàádì tó ń ṣọ́ géètì jáde.

"Ẹ ò lè páàkì síbí."

"A ò páàkì," Bọ̀dá sọ láti ilẹ̀. "À ń gbọ́ táyà."

Mọ́gàádì wò wá. Mo ti rò pé ó máa lé wa. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Bọ̀dá ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mọ́gàádì ní ẹ kú ọ̀nà, ó sì dá àwọn ọkọ̀ yòókù dúró kí a lè padà sójú títì. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn èèyàn ibẹ̀ ò mọ èèyàn-án ṣe, ẹ bi í bóyá ó ti bá wọn gbọ́ táyà rí.

Nígbà tí a jáde ní Èkó, Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í rojú. Wọ́n ní kí a má tíì sọ fún Ìyá. Wọ́n ní tí a bá dé, kí n máa wúkọ́: ẹ̀ẹ̀kan bí Ìyá bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún àwọn, ẹ̀ẹ̀mejì bí wọ́n bá wà lósì. Àwọn á kọjú síbẹ̀, àwọn á rẹ́rìn-ín. A dán an wò nínú ọkọ̀. Mo wúkọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín sí fèrèsé. Mo tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n bi mí pé báwo ló ṣe rí.

Mo ní ó dára.

Òkèehò

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé. Ẹ̀yin kan nínú yín rí wa tí a ń gun òkè bọ̀, ẹ sì juwọ́ sí wa. Bọ̀dá bi mí pé ta nìyẹn, mo dárúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tó bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì dúró síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí inú wọn bá dùn jù. Mo mú báàgì. Ọwọ́ ọ̀tún Bọ̀dá ni Ìyá wà. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Bọ̀dá kọjú síbẹ̀. Wọ́n ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò wá. Mo tún wúkọ́.

"Fi í sílẹ̀, Múlí," wọ́n ní.

Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn iwájú ilé, wọ́n sì gbé orí sókè.

"Ìyá, ojú mi ti lọ. Ẹ sọ̀rọ̀, kí n mọ ibi tí ẹ wà."

Ìyá wa ò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ìró bàtà wọn lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, nítorí eékún wọn. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ọwọ́ Bọ̀dá, tó ṣì dúdú fún táyà, wọ́n sì gbé e lé ojú ara wọn.

"Ibí ni mo wà," wọ́n ní. "Dìde, oúnjẹ ti ń tutù."